Àyẹ̀wò Ìgbẹ́ Ajá Mẹ́rin ní Ìbàdàn: Ohun tí Mo Rí fún Owó tí Mo San

Láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹjọ ọdún yìí, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo sanwó àyẹ̀wò ìgbẹ́ ajá ní ilé ìwòsàn ẹranko kan ní apá àríwá ìlú Ìbàdàn. Ajá mẹ́rin ni mo ṣe é fún, kò sì sí méjì nínú wọn tí ń gbé irú ilé kan náà tàbí tí ń jẹ irú oúnjẹ kan náà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdí oúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń sin ajá nínú ọgbà kan náà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń ṣeré yóò rí i pé ó tó ohun tí à ń jókòó sọ. N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, nítorí pé mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò nípa wọn lẹ́yìn tí mo bá yìn wọ́n tán, àti nítorí pé irú àyẹ̀wò yìí kan náà wà ní àwọn ilé ìwòsàn ẹranko mìíràn káàkiri ìlú. Iṣẹ́ náà gan-an ni mò ń yẹ̀ wò.

Tẹ́lẹ̀, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣe é ni èmi náà ń ṣe é. Bí oṣù mẹ́ta bá pé, n ó yà sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ adìẹ àti òògùn ẹranko, n ó ní kí wọ́n fún mi ní òògùn aràn ajá, ẹni tí ń tajà kò ní bi mí bí ajá náà ti wúwo tó, èmi náà kò sì ní sọ. Hóró kan fún ajá kan, n ó fi ẹran wé e, ajá yóò gbé e mì, ọ̀rọ̀ parí. Ìgbà tí mo dé ilé ìwòsàn yìí, tí wọ́n gbé Bíńgò ajá mi lé òṣùwọ̀n, tí ó wọn kílò 28, tí dókítà sì ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí òògùn tí mo mú dání, ni mo tó rí i pé hóró kan wà fún kílò 10. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́ta òògùn tí ó yẹ kí ajá náà lò ni mo ń fún un.

Àdàlù ajá ìbílẹ̀ àti Alsatian ni Bíńgò. Ó sanra, irun rẹ̀ ń dán, ohùn rẹ̀ sì tó láti mú kí àwọn tí ń ta búrẹ́dì gba òdì kejì ọ̀nà kọjá. Inú àgò onírin tí a fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ó ń wà lọ́sàn-án, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, a ó tú u sílẹ̀ nínú ọgbà kí ó máa ṣọ́ ilé. Oúnjẹ sísè ni ó ń jẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ní oṣù Kẹta pé èwo nínú àwọn ajá ìdílé wa ni kò lè ní aràn, Bíńgò ni n bá kọ́kọ́ dárúkọ.

Ohun tí ó kọ́kọ́ wú mi lórí nípa iṣẹ́ wọn ni ìbéèrè. Dókítà tí ó gbà wá, ọ̀dọ́bìnrin tí kò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ lójú mi, kò fọwọ́ kan òògùn rárá fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ń bi mí ni: Níbo ni Bíńgò ń sùn? Níbo ni ó ń yàgbẹ́ sí? Ta ni ń fọ àgò rẹ̀, ibo sì ni omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ ń ṣàn lọ? Ṣé ó máa ń rí eku pa jẹ? Ṣé ajá mìíràn máa ń wọ inú ọgbà wá? Mo rò pé ó fẹ́ fi àkókò ṣòfò ni. Ìgbà tí èsì jáde ni mo mọ̀ pé ìdáhùn mi nípa omi yẹn ti tọ́ka sí ibi tí nǹkan ti wọlé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe àyẹ̀wò náà kò nira láti yé ènìyàn, nígbà tí mo sì tọrọ àyè, wọ́n jẹ́ kí n dúró wò ó. Wọ́n mú ìgbẹ́ tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ, wọ́n pò ó mọ́ omi iyọ̀ tí iyọ̀ ti kún débi pé èyí tí a bá tún dà sí i kò ní yọ́ mọ́. Wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n dà á sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan títí tí omi fi ga díẹ̀ ju ẹnu ìgò lọ, wọ́n sì fi gíláàsì pélébé kan bò ó. Ẹyin aràn fúyẹ́ ju omi iyọ̀ yẹn lọ, nítorí náà yóò léfòó, yóò sì lẹ̀ mọ́ gíláàsì tí ó wà lókè, nígbà tí ìdọ̀tí tí ó wúwo yóò lọ sí ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, wọ́n gbé gíláàsì náà sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Dókítà náà ní, "Mọ́mì Bíńgò, ẹ wá wò ó, mà." Orúkọ ajá ni wọ́n fi ń pe gbogbo wa níbẹ̀. Ọkùnrin kan tí ó jókòó tì mí, tí agbádá rẹ̀ tó ti olóyè, Dádì Snoopy ni wọ́n ń pè é, ó sì ń dáhùn.

Mo fojú sí i. Oríṣi méjì ni mo rí. Àwọn kan rí bí orógbó kékeré tí wọ́n fi ìdérí dí ní orí àti ní ìdí, àwọ̀ wọn pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Wọ́n ní ẹyin aràn tí a ń pè ní whipworm nìyẹn, aràn tí apá iwájú ara rẹ̀ tín-ín-rín bí okùn pàṣán. Àwọn kejì pọ̀ jù wọ́n lọ, èèpo wọn fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá, a sì ń rí bí inú wọn ti pín sí mẹ́rin tàbí mẹ́jọ. Ti hookworm nìyí. Aràn yìí kò gùn ju ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan sí méjì lọ, ṣùgbọ́n ó ní eyín mímú tí ó fi ń bu ìfun ajá jẹ, ẹ̀jẹ̀ ni ó sì ń mu. Dókítà ṣí ètè Bíńgò sókè, ó tẹ èrìgì rẹ̀ ní ìka, ó sì ní kí n wo bí ó ti funfun ju bí ó ti yẹ lọ. Gbogbo ọjọ́ ni mò ń rí ẹnu ajá yìí; eyín rẹ̀ nìkan ni mo ti ń wò.

Ọ̀rọ̀ omi àgò ni a wá padà sí. Ẹyin hookworm tí ó bá bọ́ sí ibi tí ó lọ́rinrin tí ó sì móoru yóò pa láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ọmọ aràn inú rẹ̀ yóò sì dàgbà tó èyí tí ó lè wọ ara ẹranko ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Kò nílò kí ajá gbé e mì. Ó lè gba awọ àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé. Àgò Bíńgò mọ́ tónítóní, nítorí àràárọ̀ ni mẹ́gáàdì wa ń fi omi fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo omi náà ni ó ń ṣàn lọ sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀, tí koríko wà, tí oòrùn kì í sì í dé nítorí igi máńgòrò. Ibẹ̀ gan-an ni Bíńgò máa ń sùn sí lóru. Nígbà tí òjò oṣù Kẹrin wá bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé a ń dáko aràn ni.

Mo délé, mo sọ fún mẹ́gáàdì. Ó wò mí, ó bọ́ bàtà, ó sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún hàn mí. Ìlà pupa kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí wọ́gọwọ̀gọ bí ipa ọ̀nà ìgbín. Ó ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ó ti ń yún òun, pàápàá lóru, òun sì ti fi epo àdín pa á. Ọmọ hookworm ẹranko tí ó bá wọ ara ènìyàn kì í sábà mọ ọ̀nà ìfun mọ́, abẹ́ awọ ni ó máa ń rìn káàkiri. Dókítà ajá kò fún un ní òògùn, èyí tí mo yìn ín fún. Ó ní kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ènìyàn, ó lọ, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bàtà rọ́bà ni ó ń wọ̀ fọ àgò, a ń fi ṣọ́bìrì kó ìgbẹ́ kúrò kí omi tó kàn án, a sì ti gẹ́ ẹ̀ka máńgòrò náà kí oòrùn lè ráyè.

Nípa ọmọ ajá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó bà mí lẹ́rù jù. Ọmọkùnrin mi rà á lẹ́bàá ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tí ó kó ọmọ ajá bí méje sínú àgò kan. Ó gba káàdì pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ti kọ ọ́ sí i pé ó ti lo òògùn aràn, pé ó sì ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ikùn rẹ̀ yọ rọ̀bọ̀tọ̀, ọmọ mi sì ní oúnjẹ ni ó yó. Ní òru ọjọ́ kẹta ó bì, ohun tí ó bì sì ń yí. Aràn funfun bí mẹ́sàn-án ni mo kà, wọ́n gùn tó ìka ọwọ́ mi, wọ́n ká wọnú ara wọn bí sùpàgẹ́tì tí a sè jù. Mo fi ike kó wọn lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Dókítà wo eyín ajá náà, ó ní kò lè ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ.

Toxocara canis ni aràn náà, ó sì ní ìwà kan tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀: inú ìyá ni ó ti ń wọ inú ọmọ. Ọmọ aràn tí ó sùn sínú ẹran ara abo ajá yóò jí bí ajá náà bá lóyún, yóò sì gba ibi ọmọ kọjá sára àwọn ọmọ inú rẹ̀, kí wọ́n tó bí wọn rárá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ òògùn aràn fún ọmọ ajá láti ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n bí i, tí wọ́n sì ń tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìkẹfà àti ìkẹjọ. Abo aràn kan ṣoṣo lè yé ẹyin tí ó tó 200,000 lóòjọ́. Bí ajá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yà á, ẹyin náà kò tíì lè ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá. Ó nílò nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin nínú ilẹ̀ kí ó tó lágbára. Lẹ́yìn náà, ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀, bí ọmọdé tí ń fi yanrìn ṣeré bá sì gbé e mì, ọmọ aràn lè rìn lọ sí ẹ̀dọ̀, sí ẹ̀dọ̀fóró, àní sí ojú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń kó ìgbẹ́ ajá kúrò lójoojúmọ́ ti gé ọ̀rọ̀ náà kúrú kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kò sì ná an ní kọ́bọ̀.

Mo bá wọn jiyàn díẹ̀ lórí owó níbí yìí. Aràn ti jáde lójú wa, mo kó o wá sínú ike, kí ni mo tún ń sanwó máíkírósíkóòpù fún? Dókítà ní kí n jẹ́ kí àwọn wò ó bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí ẹyin Toxocara lóòótọ́, èèpo rẹ̀ nípọn, ó sì ní ihò wẹ́wẹ́ bí èèpo ọsàn. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí coccidia, kòkòrò àìfojúrí tí kì í ṣe aràn rárá, tí òògùn aràn kì í sì í pa. Èyí ni ó ń mú kí ìgbẹ́ ajá náà máa ṣàn bí omi. Òògùn mìíràn, ti ẹ̀yà sulfa, ni wọ́n fi tọ́jú ìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé mo gba òògùn aràn nìkan lọ sílé, ìgbẹ́ gbuuru náà kì bá dúró, èmi ì bá sì máa bú òògùn.

Ajá kẹta ni ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Bódìjà, ajá kékeré onírun gígùn tí ń gbé orí táìsì, tí ń jẹ oúnjẹ inú àpò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sì í kan ilẹ̀ àfi bí wọ́n bá gbé e lọ gé irun. Wọn kò rí nǹkan kan nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi èsì náà hàn gbogbo ìdílé bí ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ìyarun ya irun ajá náà, wọ́n rí kòkòrò dúdú méjì tí ń fò, èyí tí a ń pè ní flea. Kì í ṣe eégbọn. Eégbọn kì í fò. Bí ajá bá ń la ara rẹ̀ tí ó sì gbé flea kan mì, ó lè gba ibẹ̀ kó aràn pẹlẹbẹ, èyí tí a ń pè ní tapeworm, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde nílé. Wọ́n fún un ní òògùn flea, wọn kò sì ta òògùn aràn fún un. Mo kọ èyí sílẹ̀ dáadáa, nítorí ilé ìtọ́jú tí ó lè tà ṣùgbọ́n tí kò tà ṣọ̀wọ́n ní ìlú yìí.

Ó ku ajá ọdẹ. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ọdẹ, ń gbé ní abúlé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó, ajá rẹ̀ sì ń jẹ́ Ẹfiwọ́nsílẹ̀. Ajá pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, egbò ẹ̀gún pọ̀ ní imú rẹ̀, kò sì sí àgò tàbí ìdè tí ó mọ̀ láyé. Bí wọ́n bá pa ẹran, ìfun àti ẹ̀dọ̀ tí kò bá wu Bàbá ni ó máa ń jù sí i níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ní tútù, nítorí ó ní ajá tí kò bá jẹ nínú ohun tí ó lé kò ní lé òmíràn. Nígbà tí mo ní kí wọ́n bá mi mú ìgbẹ́ rẹ̀ wá, wọ́n bú sẹ́rìn-ín lórí fóònù. "Ìwọ ọmọ yìí, àbí ìgbẹ́ ajá ni n ó máa gbé wọ mọ́tò ní àgbà mi yìí?" Ṣùgbọ́n wọ́n gbé e wá ní Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n ń bọ̀ wá sí ìgboro, wọ́n fi ọ̀rá dì í, wọ́n tún fi ewé wé e, wọ́n sì tì í sí ìsàlẹ̀ àpò bí ẹni gbé oògùn ìbílẹ̀.

Hookworm ni àyẹ̀wò náà gbé jáde, kò sì pọ̀ tó ti Bíńgò rárá. Mo rò ó síwá sẹ́yìn: ajá tí ń jẹ ìfun tútù nínú igbó, kí ló dé tí tirẹ̀ fi kéré ju ti ajá inú ọgbà lọ? Ìdáhùn dókítà ni pé Ẹfiwọ́nsílẹ̀ kì í yàgbẹ́ sí ibi tí ó ń sùn sí. Igbó gbòòrò, oòrùn ń gbẹ ìgbẹ́ rẹ̀, kì í sì í padà tẹ ojú kan náà mọ́. Bíńgò ni a sé mọ́ orí ìgbẹ́ ara rẹ̀, a wá ń fi omi tàn án ká fún un.

Dókítà kò fi mọ síbẹ̀. Ó ní kí n pe Bàbá Ọdẹ lórí fóònù. "Ẹ kú iṣẹ́ ọdẹ o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ti rí nǹkan funfun rí ní ìdí ajá yín tàbí lára ìgbẹ́ rẹ̀?" Bàbá dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ti ń rí i, ó rí bí hóró ìrẹsì, ó sì máa ń sún díẹ̀díẹ̀ bí ìdin kí ó tó gbẹ. Dókítà yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín. "Ohun tí Bàbá fojú rí yẹn, mà, máíkírósíkóòpù mi kò rí i." Aràn pẹlẹbẹ ni. Ara rẹ̀ ni ó ń gé jáde ní ègé-ègé, inú ègé wọ̀nyẹn ni ẹyin rẹ̀ sì wà, nítorí náà ẹyin kì í fi bẹ́ẹ̀ tú sínú ìgbẹ́ tí omi iyọ̀ lè gbé léfòó. Ìfun àti ẹ̀dọ̀ tútù ehoro, ewúrẹ́ tàbí àgùtàn tí ó ti ní ọmọ aràn nínú ni ajá fi máa ń kó o. Praziquantel ni òògùn tí ó ń pa á. Abẹ́rẹ́ ivermectin tí ẹnìkan máa ń wá gún fún àwọn ajá abúlé náà lọ́dọọdún, tí Bàbá sì gbójú lé, kì í pa aràn pẹlẹbẹ rárá.

Inú mi dùn pé dókítà náà lè sọ ibi tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò dé. Ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ sanwó àyẹ̀wò yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀: èsì tí ó ní òun kò rí nǹkan kan kò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan kan. Aràn tí kò tíì dàgbà kì í yé ẹyin. Whipworm máa ń lo nǹkan bí oṣù mẹ́ta nínú ajá kí ẹyin rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Ẹjọ́ tí mo ní kéré, ṣùgbọ́n mo ní. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé ìgbẹ́ Bíńgò lọ, ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ẹni tí ó wà ní iwájú gbà á, ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ di ọjọ́ Ajé. Kò sí ẹni tí ó lè fi irú ìgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ohunkóhun, nítorí ẹyin hookworm yóò ti pa nínú ooru yẹn. Wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n sì tún un ṣe láìgba owó, àmọ́ ìrìn àjò mi ti di méjì. Ní ọjọ́ mìíràn, iná lọ, ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ kò ní epo, máíkírósíkóòpù wọn kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí iná. A jókòó fún wákàtí méjì, àwa àti ajá méje àti ológbò kan tí ó ń wo gbogbo wa bí ọ̀tá. Ìwé èsì wọn ni ó burú jù. Orúkọ Látìnì àti àmì àròpọ̀ mẹ́ta ni ó wà lórí rẹ̀, kò sí àlàyé kankan. Bí kì í bá ṣe pé mo dúró bèèrè, n bá gbé e lọ sílé bí ìwé tí wọ́n fi èdè àjèjì kọ.

Owó àyẹ̀wò kan jẹ́ ₦5,000, òògùn sì wà lọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá ní ajá kan ṣoṣo lè sọ pé ó wọ́n ju òògùn lọ, kò sì parọ́. Ohun tí ó mú kí n gbà pé ó tọ́ sí mi ni pé ajá mẹ́rin ni mo gbé lọ, wọ́n sì kọ òògùn mẹ́rin tí kò jọra: fenbendazole fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra fún Bíńgò, ní ìwọ̀n kílò 28 rẹ̀, pẹ̀lú àtúnṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pyrantel àti sulfa fún ọmọ ajá, praziquantel pọ̀ mọ́ pyrantel fún Ẹfiwọ́nsílẹ̀, àti òògùn flea nìkan fún ajá ẹ̀gbọ́n mi. Hóró kan náà tí mo ń rà ní ìsọ̀ ni gbogbo wọn ì bá gbé mì. Òògùn tí a ń lò láìwọn ajá kò tilẹ̀ kan àpò wa nìkan, nítorí aràn tí òògùn kò tó láti pa lè di èyí tí òògùn náà kò ràn mọ́: ní Amẹ́ríkà, hookworm ti wà lára àwọn ajá asáré greyhound tí oríṣi òògùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kò ràn mọ́.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, kí ó mú ìgbẹ́ àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, kí ó bu èyí tí kò kan ilẹ̀, nítorí aràn inú ilẹ̀ lásán lè wọ inú rẹ̀ kí ó sì da àyẹ̀wò rú. Ike kékeré onídèérí ni ó dára jù. Wọ́n máa ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ bí ó bá bèèrè. Kí ó fi sí ibi tútù bí kò bá ní tètè jáde, kí ó má sì lọ ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá àyẹ̀wò ìgbẹ́, bí ajá bá nílò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí fọ́tò inú, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn ni wọ́n sábà máa ń darí ènìyàn lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn òògùn, hookworm ti tán nínú ìgbẹ́ Bíńgò. Ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí oṣù mẹ́ta whipworm pé, wọ́n rí ẹyin méjì péré lábẹ́ gíláàsì, wọ́n sì ní ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé wa ni ó ṣì ń fún un, nítorí ẹyin whipworm lè pẹ́ ní ilẹ̀ fún ọdún mélòó kan láìkú. A ti da òkúta wẹ́wẹ́ sí ibẹ̀ báyìí, a sì ti darí omi àgò sí gọ́tà. A ó tún yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù Kọkànlá.

Bàbá Ọdẹ pè ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Mo rò pé ọ̀rọ̀ iṣu ni. Wọ́n ní Ẹfiwọ́nsílẹ̀ kò yà ìrẹsì mọ́, pé àwọn ti ń se ìfun fún un báyìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń wo ìkòkò náà bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Wọ́n wá ní kí n bá àwọn gba ike onídèérí mẹ́ta lọ́wọ́ dókítà yẹn, nítorí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ wọn méjì fẹ́ gbé ti ajá tiwọn wá ní Ọjọ́bọ̀, ìyàwó ọ̀kan nínú wọn kò sì gbà kí wọ́n fi ike iyọ̀ òun ṣe é.